Gosset, apọntí tó fi orúkọ ‘Akẹ́kọ̀ọ́’ bojú: Ìtàn ọkùnrin tó wá ọ̀nà tí a fi ń dá ẹjọ́ láàárín ọtí dúdú méjì

Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lọ ní Adégbayì, tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́, tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ifẹ̀ bọ̀ sì ń já èrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, ìjókòó máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń ta ọtí. Níbẹ̀ ni a ti bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan lẹ́nu àríyànjiyàn tí kò jọ pé ó fẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ìgò dúdú méjì ló wà lórí tábìlì wọn. Ọ̀kan jẹ́ Guinness, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní ọdẹkú. Èkejì jẹ́ Legend, ọtí dúdú tí ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries gbé jáde ní 1992. Ọ̀kan nínú wọn búra pé Guinness ló korò bó ṣe yẹ kí ọtí dúdú korò, pé kíkorò rẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Èkejì ní irọ́ ni, Legend ló bá òun lára mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò níyanjú, wọ́n bu ife kọ̀ọ̀kan, wọ́n tọ́ ọ wò, oníkálùkù sì tún dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀.

Títì tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, béèyàn bá tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀, tó kọjá Ẹgbẹ́dá, yóò kan ilé-iṣẹ́ ìpọntí tí Nigerian Breweries dá sílẹ̀ ní apá Aṣéjire ní 1982. A ò lè sọ pé ará Adégbayì jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọtí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa jókòó ti àwọn ọkùnrin náà ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bá ara wọn fà, ẹnì kan ti wà tó fi ọdún méjìdínlógójì ronú lé e lórí, tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un nítorí rẹ̀. Béèyàn bá tọ́ nǹkan méjì wò níwọ̀nba ìgbà díẹ̀, tí ọ̀kan sì dà bí ẹni pé ó dára ju èkejì lọ, ìgbà wo ló tó kó sọ pé òótọ́ ni, ìgbà wo ló sì yẹ kó gbà pé èèṣì lásán ni?

Apọntí ni ọkùnrin náà. Ilé-iṣẹ́ Guinness ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi dákẹ́. William Sealy Gosset ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó ti gba yunifásítì kọjá ní Nàìjíríà, pàápàá àwọn tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀ kí wọ́n tó gbàwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti lo iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ rí. Àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn kò pọ̀, nítorí pé orúkọ mìíràn ló fi ń kọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 1876 ni wọ́n bí Gosset ní ìlú Canterbury, ní ẹkùn Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ológun ni bàbá rẹ̀, Frederic Gosset, kọ́nẹ́ẹ̀lì sì ni nínú ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun. Agnes Sealy Vidal ni orúkọ ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ológun, ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló fẹ́ tọ̀; ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà ní Woolwich. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, wọn kò sì gbà á. Ohun tó dà bí àdánù fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló gbé e lọ sí ibòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ Winchester ló ti kàwé, láti ibẹ̀ ló ti lọ sí New College ní Oxford. Ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò ní 1897, ó sì tún gba ipò kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní 1899. Ẹni tó bá mọ ìṣirò tó tún mọ kẹ́mísìrì, ibi méjì ni yóò máa wò bí iṣẹ́ bá dé sọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1899 yẹn kan náà ni Guinness gbà á síṣẹ́ apọntí ní Dublin, olú ìlú Ireland. Ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Arthur Guinness ló dá a sílẹ̀ ní 1759, nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé láti gba ilẹ̀ St James’s Gate fún ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún ní pọ́n-ùn 45 lọ́dún. Títí di òní, ìwé àdéhùn yẹn ṣì ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Gosset fi máa dé ibẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ìpọntí tó tóbi tó o lágbàáyé. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ti rí i pé ọtí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a kò lè máa fi ojú àti imú nìkan ṣe é. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní Oxford àti Cambridge pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa ọtí náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀. Bí a ṣe ń rẹ àgbàdo sómi títí yóò fi hù kí a tó sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì sè é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rẹ ọkà báálì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé fún ọtí dúdú, wọ́n tún máa ń yan báálì díẹ̀ lórí iná títí yóò fi dúdú bíi kọfí. Ibẹ̀ ni àwọ̀ dúdú ti wá, ibẹ̀ náà sì ni adùn bí ohun tó jóná díẹ̀ yẹn ti wá. Ohun tó ń mú un korò ní tirẹ̀ ni òdòdó ìtàkùn kan tí wọ́n ń pè ní hops, tí kì í hù ní ilẹ̀ tiwa. Oje inú òdòdó náà ń ṣe ju kíkorò lọ: kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́. Ní 1801, nígbà tí Guinness ń pọn ọtí tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean, hops tí wọ́n dà sí i pọ̀ ju ti ọtí ilé lọ, kó má baà kan lójú omi. Láti ara ọtí yẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Foreign Extra Stout ti ṣẹ̀, òun náà ló wà nínú ìgò tí àwọn ará Adégbayì ń jà lé lórí.

Èyí tí a ń mu nílé kì í tiẹ̀ ṣe ọtí Dublin mọ́. Láti 1962 ni Guinness ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ìpọntí sí Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì fòfin de kíkó ọkà báálì rírẹ wọlé láti 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí ilẹ̀ yìí yíjú sí. Àwọn onímọ̀ wa kan ti fi orógbó àti ewúro dán an wò bóyá wọ́n lè rọ́pò hops. Ẹni tó bá ti jẹ orógbó rí yóò mọ̀ pé àbá náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Gbogbo àyípadà bẹ́ẹ̀ ló ń bí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé adùn rẹ̀ ṣì jẹ́ bákan náà, àbí ó ti yàtọ̀? Ká padà sọ́dọ̀ Gosset.

Ohun tó bá níbi iṣẹ́ nìyí. Ọkà báálì ń wọlé láti oko oríṣiríṣi, hops ń wọlé nínú àpò láti Kent àti láti Amẹ́ríkà, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Àwọn apọntí yóò bu díẹ̀ nínú àpò kan, wọ́n á wọn oje rẹ̀, wọ́n á bu láti inú òmíràn, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bí àpò tòní bá ní oje ju tàná lọ díẹ̀, ṣé irú hops náà ló dára jù ni, àbí ibi tí wọ́n bù ú ló yàtọ̀? Ẹni tó bá fi ìbùwò kan ra àpò rẹpẹtẹ lè fi owó ilé-iṣẹ́ ṣòfò. Àwọn àgbà wa ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú iṣẹ́ ọtí, olówó ló ń jìyà ìwà ìkà náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì lè yẹ àpò kọ̀ọ̀kan wò tán, nítorí pé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò, ó sì ń náni lówó.

Ní 1904, Gosset kọ ìwé kan fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe lè lo ìlànà ìṣirò àṣìṣe nínú iṣẹ́ ìpọntí. Ó mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n adùn tó ń jáde lára ọkà rírẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ń fẹ́ kí ìwọ̀n yìí wà ní nǹkan bíi 133, bí ó bá sì fi ju ìdajì ìwọ̀n kan lọ kọjá tàbí dín, ọtí tó máa jáde á lágbára jù tàbí kó rọ̀ jù. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ pé bí wọ́n bá dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì pín in dọ́gba, nǹkan bíi mẹ́rin sí ọ̀kan ni àǹfààní pé èsì náà kò ní jìnnà sí òtítọ́ ju ìdajì yẹn lọ. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹrin, àǹfààní náà á di nǹkan bíi méjìlá sí ọ̀kan. Èyí ni pé àyẹ̀wò méjì péré tí wọ́n fi kún un sọ ọ̀rọ̀ di ohun téèyàn lè fọkàn tán. Fún oníṣòwò, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́.

Síbẹ̀, ọkàn Gosset kò balẹ̀ lórí ìṣirò ara rẹ̀. Àwọn ìwé tó ń lò láti fi ṣe é, àwọn tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n kọ wọ́n fún. Kò sí èyí tó sọ ohun tí ẹni tó ní mẹ́rin péré lọ́wọ́ lè ṣe. Ní oṣù keje, 1905, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ bá Karl Pearson, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀ sí aṣáájú nínú irú ìṣirò yìí, ní abúlé kan tí ó ti ń lo ìsinmi rẹ̀ ní Berkshire. Pearson là á lọ́yẹ̀, ó sì fún un ní ohun púpọ̀ láti kà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gosset fẹ́ Marjory Phillpotts níyàwó. Lọ́dún yẹn kan náà, Guinness fún un láyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan lọ́dọ̀ Pearson ní University College, London. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ọtí tó ń ran òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò, tí owó oṣù kò sì dáwọ́ dúró! Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ jáde níbẹ̀, ní 1907, dá lórí bí a ṣe ń ka ìwúkàrà lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, nítorí pé bí ìwúkàrà bá pọ̀ jù tàbí kéré jù nínú ọtí, ọtí náà bàjẹ́ nìyẹn.

Pearson lóore lára, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa da ara rẹ̀ láàmú lórí àyẹ̀wò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá ní púpọ̀, kó lọ wá púpọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Gosset kò ní àǹfààní yẹn, àgbẹ̀ ò ní i, dókítà tó ní aláìsàn mẹ́wàá péré ò ní i.

Bí ó ṣe wá ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ọmọdé pàápàá lè fojú rí i. Ó rí ìwé kan tí wọ́n ti kọ gíga àti gígùn ìka àárín ọwọ́ òsì àwọn ọ̀daràn 3,000 sí. Ó kọ wọ́n sórí páálí pélébé 3,000, ó pò wọ́n pọ̀ dáadáa bí ẹni ń po káàdì, ó sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìwojú, ó ń ka mẹ́rin-mẹ́rin sí ìdì kan. Ìdì 750 ló jáde. Nítorí pé ó mọ ìpíndọ́gba gbogbo àwọn 3,000 náà, ó lè wo ìdì kọ̀ọ̀kan kó sì rí bí mẹ́rin péré ṣe ń ṣini lọ́nà sí. Àwọn ìdì kan sún mọ́ òtítọ́, àwọn kan jìnnà sí i pátápátá. Jíjìnnà yẹn sì ní àpẹrẹ tó ń tẹ̀ lé: ó fẹ̀ ju bí àwọn ìwé àtijọ́ ṣe wí lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní díẹ̀ lọ́wọ́ tó sì ń lo òfin àwọn tó ní púpọ̀, ó ń dá ara rẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Gosset ti po káàdì rẹ̀ kó tó fi ìṣirò wá àpẹrẹ náà; nígbà tó rí i, àwọn káàdì náà wá jẹ́rìí sí i.

Ní 1908 ni ìwé náà jáde nínú Biometrika, ìwé àtìgbàdégbà tí Pearson ń ṣe olóòtú rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àtẹ tó ń sọ fún ẹni tó ní àyẹ̀wò mẹ́rin títí dé mẹ́wàá bó ṣe yẹ kó gba ara rẹ̀ gbọ́ tó. Kò lè fi ọ̀rọ̀ ọtí ṣe àpẹẹrẹ nítorí àṣírí ilé-iṣẹ́, nítorí náà oògùn oorun ló mú. Wọ́n ti fi oògùn méjì dán àwọn aláìsàn mẹ́wàá wò, èkejì sì mú wọn sùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní wákàtí kan ó lé ààbọ̀. Aláìsàn mẹ́wàá péré! Ìṣirò Gosset fi hàn pé àǹfààní pé oògùn kejì ló dára jù lóòótọ́ jẹ́ nǹkan bíi 666 sí 1. Bí a bá yọ oògùn kúrò níbẹ̀ tí a gbé hops tàbí ìgò ọtí síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Orúkọ tó wà lórí ìwé náà kì í ṣe Gosset. ‘Student’ ni, ìyẹn Akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ Guinness ni pé òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé síta, kí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà má baà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà wọn. Gosset gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi orúkọ náà kọ̀wé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Èmi tí mo ń kọ ìròyìn yìí jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ìròyìn ní yunifásítì, tí wọ́n ní ká lo ìlànà ‘Student’ láti fi wé àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn méjì, ohun tí mo rò ni pé wọ́n ṣe é fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, kó lè rọrùn fún wa ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ̀ pé èèyàn ni, pé apọntí sì ni. Èrò tiwa ni pé ilé-iṣẹ́ náà fi nǹkan dù ú. Àṣírí hops yẹ ní pípamọ́, àmọ́ ìṣirò tí kò dárúkọ ọtí rárá, kí ló dé tí ẹni tó ṣe é kò fi lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí i? Òun fúnra rẹ̀ kò jọ ẹni tó kà á sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ròyìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í wá ìyìn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sí ilé ìpọntí. Guinness ń fẹ́ ọkà báálì tó dára, ilé-iṣẹ́ náà sì ń bá ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ireland ṣe ìdánwò nínú oko. Wọ́n fi báálì tí wọ́n ń pè ní Archer wé Goldthorpe ní oríṣiríṣi oko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú kan tí wọ́n sì mú jáde láti ara Archer lẹ́yìn náà, Spratt-Archer, ló wá gbalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Gosset kì í jókòó sí ọ́fíìsì gba èsì. Ó ń lọ sóko, ó sì mọ ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀, pé ilẹ̀ kan ṣoṣo kò dọ́gba. Òun àti E. S. Beaven, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe báálì ní Warminster, fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbin irú méjì ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan máa tẹ̀ lé èkejì káàkiri oko, kó jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá, méjèèjì ló máa jẹ ẹ́, ibi tó bá ti ṣá, méjèèjì ló máa yà á.

Èyí kan àwọn àgbẹ̀ wa ní Ẹgbẹ́dá, Lágelú àti Akínyẹlé ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọdún tí Gosset wọ Guinness, 1899, ni wọ́n dá oko ìdánwò Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1967 ni IITA wá tẹ̀dó sí ọ̀nà Mọ́níyà. Kò sí irú àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀ tí wọn kò kọ́kọ́ gbìn wé ti àtijọ́, tí wọn kò sì fi ìṣirò tó ti ara iṣẹ́ Gosset jáde yẹ̀ wò. Àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn tuntun sí etí àkùrọ̀, tó gbin ti àtijọ́ sórí ilẹ̀ òkúta, tó wá ń fi owó ọmọ ra irúgbìn tuntun lọ́dún kejì, àkùrọ̀ ló gbóríyìn fún, kì í ṣe irúgbìn.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ Gosset dé gbogbo ayé ni Ronald Fisher. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Cambridge ni nígbà tó kọ lẹ́tà sí Gosset ní 1912, tó fi ẹ̀rí ìṣirò tí Gosset kò lè parí ránṣẹ́ sí i. Gosset wò ó títí, kò yé e, ó sì fi ránṣẹ́ sí Pearson láìtijú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Ní 1922, nígbà tí Gosset fi àtẹ tuntun ránṣẹ́ sí Fisher, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Fisher nìkan ni ẹni tí yóò lò ó láyé. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Fisher kọ ìwé tó gbé e dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn dókítà àti àwọn olùkọ́ káàkiri. Fisher àti Pearson kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, ṣùgbọ́n Gosset ń bá àwọn méjèèjì ṣe ọ̀rẹ́ títí dópin. Òun àti Fisher pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí oko: Fisher ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ibi tí wọn yóò gbin irúgbìn kọ̀ọ̀kan sí, Gosset ní rárá, kí wọ́n tò wọ́n kí wọ́n dọ́gba. Wọn kò yanjú rẹ̀ kí ikú tó dé.

Fisher yìí náà ló fún wa ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe lábẹ́ àtíbàbà Adégbayì. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé bí òun bá tọ́ tíì wò, òun á mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà síbẹ̀ tàbí tíì. Nínú ìwé tó kọ ní 1935, Fisher ṣàlàyé bí a ṣe lè dá ẹjọ́ náà: ife mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́nà kan, mẹ́rin lọ́nà kejì, kí wọ́n pò wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, kó sì yan mẹ́rin jáde. Ọ̀nà 70 ló wà láti yan mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè gbà á tán, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú àádọ́rin ni. Àwọn apọntí Carlsberg ní Denmark náà wá ọ̀nà tiwọn ní àwọn ọdún 1940: ife mẹ́ta, méjì jẹ́ ọtí kan náà, ẹ̀kẹta yàtọ̀, kí atọ́wò tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Ẹni tó ń méfò yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

Nílé, Gosset kì í ṣe ẹni tó ń ru ìwé káàkiri. Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ọkùnrin kan, obìnrin méjì. Ó fẹ́ràn ọgbà èso, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń pẹja. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó kàn ní ìtọ́kọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kó lè rọrùn fún apẹja láti yí padà. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó tún gbìyànjú láti wọṣẹ́ ológun, ojú rẹ̀ tún ṣe é bí ó ti ṣe é ní Woolwich. Ní 1934 ó ní ìjàǹbá ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì lo oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀.

Ní ìparí 1935, Guinness ní kó wá ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ìpọntí tuntun tí wọ́n kọ́ sí Park Royal ní London. Iṣẹ́ náà pọ̀, ó sì jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Ireland. Wọ́n sọ ọ́ di olórí apọntí gbogbo Guinness ní 1937, kò sì jẹ oyè náà pẹ́. Ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni àìsàn ọkàn pa á ní Beaconsfield, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ní 1942 ni wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ sí ojú kan, síbẹ̀ orúkọ ‘Student’ ni wọ́n fi pè é. Ilé-iṣẹ́ Park Royal ti kógbá wọlé ní 2005.

Nígbà tí a parí ìtàn yìí fún àwọn ọkùnrin mẹ́rin Adégbayì, a dábàá pé kí wọ́n gbé ife mẹ́jọ kalẹ̀, kí ẹni tó ń ta ọtí bu mẹ́rin nínú ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ògiri, kí ẹni tó búra jù nínú wọn di ojú rẹ̀ kó sì tọ́ wọn wò. Inú wọn dùn sí i. Wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ di ojú nígbà tí ìyá tó ń ta ọtí náà dá wọn dúró, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó ìgò méjì mìíràn ná.